Wọ́n Ṣì Ń Pe Orúkọ Ìyá Rẹ̀

“Mi ò lè fún yín ní káàdì ìyá yín,” ni obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá káàdì ọsibítù náà wí. Ó ń fi òwú so apá awò ojú rẹ̀ tó ti kán bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Káàdì alààyè ni. Ìyá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni.”

Oníbúrẹ́dì, obìnrin tó wá béèrè káàdì náà, rò pé àṣìṣe ni. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Ìyá tí wọ́n ń wí yìí ti kú nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, ewú sì ti wà lórí òun náà báyìí. Ó tún orúkọ náà pè, ó pè é pọ̀ mọ́ orúkọ bàbá tó bí ìyá rẹ̀, ó sì dárúkọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé nígbà náà. Obìnrin náà so òwú rẹ̀ tán, ó fi eyín gé e.

“Òun náà ni. Orí bẹ́ǹṣì ìdí ògiri yẹn ló máa ń jókòó sí. Ẹ lọ fọwọ́ bà á.”

Oníbúrẹ́dì lọ. Ọwọ́ tó ń yọ búrẹ́dì nínú ààrò láràárọ̀ kì í ṣi ooru mọ̀. Ó mọ èyí tó jẹ́ ti oòrùn, ó mọ èyí tó jẹ́ ti ìdí èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Oòrùn kò dé ìdí ògiri náà rárá. Kò sì sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Àwọn bẹ́ǹṣì tó kù nínú gbọ̀ngàn tutù, ṣùgbọ́n igun kan ṣoṣo yìí gbóná bí agolo búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kíá ló fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ẹ má rò pé ojúmìító ló gbé obìnrin yìí dé yàrá káàdì. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní láyé, ọ̀dọ́mọbìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Olórin, torí kò sí ohun tó ń ṣe tí kì í kọrin sí. Ó ń fọ abọ́, orin ni. Ó ń bínú, orin ni. Àfi bí kókó kan ṣe yọ sí i lọ́fun lójijì. Wọ́n ní nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n kókó náà kò gbọ́ pé kékeré ni òun. Ó ń wú, ó ń wú, títí ohùn Olórin fi ha, tí orin dáwọ́ dúró nílé, tó sì di pé ìjókòó lọmọ ń jókòó sùn kó tó lè rí èémí mí.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ti dá ọ̀la fún iṣẹ́ abẹ náà. Ó ti ń fọ ọwọ́ sílẹ̀, bí a bá fẹ́ fi ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n dókítà kejì wà, èyí tó máa ń kun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, ọ̀dọ́bìnrin kan tó tutù lẹ́nu, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Dókítà Oorun. Òun ló wá jókòó létí ibùsùn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

“Mà, ṣé ẹnikẹ́ni wà nínú ẹbí yín tí wọ́n fi oògùn kùn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, tí kò jí mọ́?”

“Ká má rí i! Kò sí,” ni Oníbúrẹ́dì dáhùn. “Ìyá mi nìkan ló kú ní rèwerèwe. Ibà ló sì pa wọ́n.”

“Nílé àbí ní ọsibítù?”

“Ọsibítù yìí náà ni.”

“Ta ló sọ fún yín pé ibà ni?”

“Bàbá mi.”

Dókítà Oorun wo Olórin, tó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí mẹ́ta, tó sì ń mí bí ẹni ń fa omi nínú ike. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Nǹkan kan máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹbí kan. Bí wọ́n bá fún wọn ní oògùn oorun tí a ní níbí, ara wọn á gbóná kọjá ààlà, eyín wọn á wà pọ̀ láìyà, wọn kì í sì í sábà jí. Bí kò bá sí nínú ẹbí yín, ọ̀la ni, ká yọ kókó yìí dànù. Bó bá wà, àfi ká gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní ìlú kejì, wọ́n ní oògùn mìíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn jìn, ọ̀fun yìí sì ti ń dí. Ó lè kú sójú ọ̀nà. Mi ò lè kùn ún lóorun lásán, mi ò sì lè gbé e sọ́nà lásán. Ẹ bá mi wá káàdì ìyá yín. Lónìí, mà.”

Oníbúrẹ́dì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Bàbá tí à ń wí yìí, ẹni tó bá béèrè bó ṣe sùn lọ́wọ́ rẹ̀ á jókòó gbọ́ ìtàn àlá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lọ́jọ́ yìí, bó ṣe gbọ́ “káàdì Màmá,” ẹnu rẹ̀ wọlẹ̀.

“Ibà ni mo wí,” ló sọ nígbà tó yá. “Ibà! Má lọ hú nǹkan kan jáde níbẹ̀.” Ó sì pa fóònù.

Ìdí nìyẹn tí Oníbúrẹ́dì fi dúró síwájú fèrèsé yàrá káàdì, tí ìka rẹ̀ ń ta á bí ẹni tí iná jó. Gbogbo èèyàn ń pe obìnrin inú ibẹ̀ ní Ìyá Káàdì. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn dókítà tó ń jẹ́ ọ̀gá báyìí, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ṣẹ́. Nígbà tó rí ojú Oníbúrẹ́dì, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó fún un ní àpótí ìjókòó.

“Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Yàrá méjì la ní. Eléyìí ni ti alààyè, èyí tó wà lẹ́yìn ni ti òkú. Káàdì kì í ti ibí dé ọ̀hún àfi tí ẹbí bá wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé èèyàn òun ti kú. Ẹnu dókítà ò ká a, ẹnu tèmi ò ká a. Ọ̀gá wa àkọ́kọ́ ló ṣòfin yẹn, nígbà tí wọ́n ṣèèṣì gbé káàdì bàbá kan lọ sẹ́yìn. Bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ó ní orí ń fọ́ òun. Akọ̀wé ní kò lè rí dókítà, pé ó ti kú. Ni bàbá bá gbá akọ̀wé létí, gbàù! Ó ní, ‘Lọ béèrè lọ́wọ́ òkú kó sọ ẹni tó gbá ẹ.’” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. “Láti ìgbà yẹn, káàdì tí ẹbí kò bá wá tì, pé onítọ̀hún ti kú, alààyè ni. Gbogbo ọjọ́ tí dókítà bá ń rí èèyàn, a máa ń pe orúkọ gbogbo wọn. Ẹni tó bá dáhùn gba káàdì rẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn, a dá tirẹ̀ padà sáàyè.”

“Ẹ wá ń pe ìyá mi láti ọjọ́ náà?”

“À ń pè é. Ó pẹ́ tí kò dáhùn.” Ìyá Káàdì bọ́ awò ojú, ó ń nu ún, kò sì sí ìdọ̀tí lára rẹ̀. “Nígbà tó yá, ó dáhùn.”

Àbí ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí wọ́n bá ń pe èèyàn lọ́dún mọ́dún, tí wọn ò sinmi, tí wọn ò gbàgbé, kò sí bó ṣe lè jìnnà tó tí kò ní gbọ́ níjọ́ kan.

“Ẹ ò sọ fún un?”

“Mo sọ. Mo ní, ‘Ìyàwó, ẹ ti kú o.’ Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá kú, ṣé ọkọ òun kò ní gbọ́ ni? Ṣé kò ní wá sọ fún wọn?” Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà. “Ọkọ náà wá lẹ́ẹ̀kan. Ó fẹ́ wá ti káàdì. Ibi tí ẹ dúró sí lẹ́ẹ̀kan yẹn ló dúró sí nígbà tí mo pe orúkọ, tí ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Wọ́n fojú kan ara wọn. Bàbá yín kò sọ gbólóhùn kan, eré ló sá. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, kò padà wá mú un.”

Oníbúrẹ́dì fẹ́ bínú sí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí ìbínú rí àyè jókòó. Ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Lókè ilé yẹn, ọmọ kan ń fa èémí, ọ̀la sì ń bọ̀.

“Òní ni ọjọ́ dókítà,” ni Ìyá Káàdì wí. “Mo máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Bó bá dáhùn, ẹ lọ bá a, ẹ sọ fún un pé ó ti kú. Á gbé káàdì sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ìyẹn nìkan ni kí ẹ sọ. Ẹ má fi nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fi ṣíwájú rẹ̀. Òkú tí wọn ò bá sọ òtítọ́ fún, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún un ló máa tẹ̀ lé.”

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn èèyàn wúkọ́, ọmọ ọwọ́ kan ń sunkún, ẹnì kan ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀. Ìyá Káàdì kì í pariwo nígbà tó bá ń pe orúkọ. Ó ń pè wọ́n bí ẹni ń jí ọmọ sí iléèwé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Mo wà ńbí.” “Èmi nìyí.” Nígbà mìíràn ẹnikẹ́ni kò ní dáhùn, wàá sì gbọ́ bí káàdì náà ṣe ń họ lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń padà sáàyè.

Àwọn tó wà nídìí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sún. Wọn ò wo ara wọn, wọn ò dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dúró. Obìnrin kan tó gbé ọmọ dání fi aṣọ bo orí ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé oòrùn ń pa á. Àyè ẹnì kan ṣí sílẹ̀ ní igun bẹ́ǹṣì, òórùn sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu ara kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ sì gba afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

Ìyá Káàdì pe orúkọ náà.

“Mo wà ńbí.”

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń ti ojú fèrèsé bọ̀ pẹ̀lú káàdì ní àyà rẹ̀. Aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ ló wọ̀, fìlà ibẹ̀ wà lórí rẹ̀, kò sì wọ bàtà. Ó jókòó sí àyè rẹ̀. Oníbúrẹ́dì kò mọ bí ẹsẹ̀ òun ṣe gbé òun dé ibẹ̀. Ìgbà tó jókòó tì í ló mọ ooru náà, ooru ẹnu ààrò nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Imú Olórin ló wà lójú obìnrin yìí. Etí Olórin ni.

“Ẹ káàsán, mà,” ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí, ó tẹ orí ba díẹ̀ bí ọmọlúàbí ṣe ń kí àgbà. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kò yà. Òkè àti ìsàlẹ̀ wà pọ̀ gbagidi, àárín wọn ni ọ̀rọ̀ ń gbà jáde.

Áà, ẹ wo ayé. Ìyá tó bí èèyàn ló ń pe èèyàn ní mà yìí, torí pé ọmọ ti dàgbà ju ìyá lọ. Omi bọ́ lójú Oníbúrẹ́dì kó tó mọ̀.

“Ẹ má sunkún, mà. Wọ́n á tó pè wá. Ta ló ń ṣàìsàn nílé yín?”

“Ọmọ mi ni. Ọmọbìnrin.”

“Eeyà. Á sàn o. Èmi náà ní ọmọbìnrin kan nílé, ó kéré. Á ti máa wá mi báyìí.” Ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. “Bàbá rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irun fún un. Á kàn fi kóòmù máa fà á bí ẹni ń tu koríko.”

Oníbúrẹ́dì rántí kóòmù náà. Ó rántí igbe tó máa ń ké, àti bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀ tí òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́.

“Kí ni wọ́n ṣe fún yín níbí?” ó béèrè, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ létí ọmọ tó sùn lọ.

“Wọ́n ní àwọn fẹ́ yọ nǹkan kékeré kan nínú mi. Ọkọ mi ló fọwọ́ sí i. Wọ́n fi nǹkan bò mí nímú, wọ́n ní kí n máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Mò ń kà á ni iná bá wọ ara mi. Eyín mi wà pọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n gbé omi dídì wá.” Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. “Látìgbà náà ni mo ti ń dúró de dókítà kó wá ní kí n máa lọ sílé.”

Oníbúrẹ́dì ti gbọ́ ọ báyìí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀? Ó fẹ́ lọ bá dókítà pé òun bá òkú sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ni? Káàdì ló nílò, káàdì sì wà lábẹ́ ọwọ́ méjèèjì ìyá rẹ̀.

Oníbúrẹ́dì la ẹnu. Ẹ ti kú, Màmá mi. Ọ̀rọ̀ kúkurú. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà gbójú sókè wò ó, ojú tí kò fura sí ibi kankan, ojú ẹni tó ti dúró dúró tí kò sì bínú.

“Nítorí ọmọ yín ni mo ṣe wá,” ni Oníbúrẹ́dì gbọ́ tí ẹnu òun ń sọ. “Ara rẹ̀ kò yá. Dókítà ní àfi tí òun bá rí káàdì yín kí òun tó lè tọ́jú rẹ̀.”

Ọ̀dọ́bìnrin náà kò dúró béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá wo ni yóò dúró? Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé káàdì náà lé Oníbúrẹ́dì lọ́wọ́. “Níbo ló wà?”

“Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Lókè.”

Bọ́rọ̀ ṣe kúrò lẹ́nu rẹ̀ ló mọ ohun tó ṣe. Igun bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Lójú fèrèsé, Ìyá Káàdì di orúkọ tó kàn mú lẹ́nu, ó ń wò ó.

“Kí lẹ sọ fún un?”

Eré ni Oníbúrẹ́dì sá gun àtẹ̀gùn.

Dókítà Oorun gba káàdì náà, kíá ló gbé e sórí tábìlì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀. Ó ṣí i, ó kà á. Kò sí ibà níbẹ̀. Oògùn oorun, ara gbígbóná, eyín tó wà pọ̀, ọkàn tó dáwọ́ dúró lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ó pa káàdì dé.

“Ká ní a kun ọmọ yìí lóorun lọ́la, à bá pa á,” ló sọ. “Ẹ palẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ń bọ̀.”

Ọ̀nà náà burú. Nọ́ọ̀sì kan, Olórin àti ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ aláìsàn. Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, síbẹ̀ ooru inú ibẹ̀ ń mú kí awakọ̀ máa nu ojú léraléra. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí kò sílé kankan lọ́tùn-ún lósì, èémí Olórin súfèé, ó súfèé, ó dákẹ́. Ojú rẹ̀ yí. Nọ́ọ̀sì di rọ́bà tí wọ́n fi ń ti afẹ́fẹ́ sí aláìsàn lẹ́nu mú, ó ń tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Oníbúrẹ́dì di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú, igbe ni ó ń ké, “Olórin! Olórin, má ṣe èyí fún mi!”

Ni àgbọ̀n Olórin bá gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ wọlé. Àyà ọmọ wú, ó rọlẹ̀, ó tún wú.

“Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ o,” ni nọ́ọ̀sì ń wí láìgbójú sókè. “Ẹ di àgbọ̀n yẹn mú bẹ́ẹ̀.”

Oníbúrẹ́dì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ ló ṣì wà níbẹ̀. Kò sọ fún nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe dé ọsibítù ńlá nìyẹn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà pẹ̀lú oògùn mìíràn, Olórin sì jí.

Ibí yìí ló yẹ kí n ti sọ pé ó parí, ká jọ dúpẹ́. Dókítà ní ojú egbò ti ń jinná dáadáa. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni Olórin ń sùn ju ti àná lọ. Ara rẹ̀ ń jóni lọ́wọ́, síbẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru ara kò rí nǹkan kan. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ, ìkejì náà kò rí i. Àyè kan sì tẹ̀ wọnú lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ibi tí èèyàn jókòó sí. Nọ́ọ̀sì á tẹ́ aṣọ náà kó gún, bó bá ti yíjú báyìí, á tún tẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Olórin la ojú. “Màmá, ta ni Tíntín?”

Ẹnì kan ṣoṣo ló pe Oníbúrẹ́dì ní Tíntín rí láyé. Kò sọ orúkọ náà fún ọkọ tó fẹ́, kò sọ ọ́ fún ọmọ tó bí.

“Níbo lo ti gbọ́ ọ?”

“Àǹtí tó ń jókòó tì mí. Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn. Wọ́n máa ń fi ìka ya irun mi, kì í dùn mí rárá.” Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ti ń pa dé. “Wọ́n ní bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwa méjèèjì jọ ń lọ sílé.”

Olórin sọ gbogbo èyí láìya eyín.

Ẹ̀rù tó ba Oníbúrẹ́dì lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀. Èèyàn lè sá fún ọ̀tá. Ibo lèèyàn máa sá sí fún ìyá tó kàn wá mú ọmọ rẹ̀ relé? Ẹnu òun ló júwe ọ̀nà fún un. Òun àti bàbá òun, ọ̀kan náà ni wọ́n: ẹnu wọn kò gba òtítọ́, wọ́n ní ìfẹ́ ni.

Ó fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó wá kí aláìsàn ń rojọ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ẹnì kan ń bó ọsàn. Ó kọjú sí ibi tó tẹ̀ wọnú yẹn.

“Màmá mi,” ó ní. “Èmi ni Tíntín. Ẹ wò mí dáadáa. Mo ti dàgbà, mò ń ṣe búrẹ́dì tà, mo ti bímọ. Ọmọ mi lèyí. Kì í ṣe èmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.” Ó gbé ọwọ́ lé ibi tó tẹ̀ wọnú náà. “Ẹ ti kú, Màmá mi. Ọjọ́ tí wọ́n fi nǹkan bò yín nímú yẹn lẹ kú. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún yín. Ẹ má bínú. Ẹ ti kú.”

Ó wá bú sẹ́kún, ẹkún tí wọn kò jẹ́ kó sun nígbà tó wà ní kékeré, tí wọ́n fi ibà àti irọ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tó ń bó ọsàn dáwọ́ dúró.

Ooru fẹ́ kọjá létí ojú rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ wọnú dìde díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́jú. Olórin yán, ó la ẹnu gbàgà, gbogbo eyín rẹ̀ hàn, èémí gígùn kan wọ inú rẹ̀.

“Wọ́n ti dìde,” ló sọ, pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀ tó ṣì ha.

“Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan?”

“Wọ́n ní ẹ ti rẹwà ju bí àwọn ṣe rò lọ.” Ó ń wo ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. “Wọ́n ní àwọn gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọkọ àwọn ló fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ náà, ẹnu rẹ̀ làwọn fẹ́ lọ gbọ́ ọ.”

Oníbúrẹ́dì sáré fa fóònù rẹ̀ yọ. Ìka rẹ̀ kò rí nọ́ńbà náà tẹ̀ dáadáa. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e, ó tún pè é. Ní ìkẹyìn bàbá rẹ̀ gbé e.

“Bàbá! Bàbá mi, ẹ gbọ́, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má sá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá.”

Ó dà bíi pé bàbá ti gbàgbé pé fóònù wà lọ́wọ́ òun. Oníbúrẹ́dì gbọ́ bí wọ́n ṣe fa àga kan lórí sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó dà bí ohùn ọ̀dọ́kùnrin, irú èyí tí kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

“Jókòó,” ni bàbá ń wí. “Jókòó, ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ.”